Bí ọkọ̀ asáré ṣe ń gun orí omi láì jẹ́ kí própẹ́là mu afẹ́fẹ́

Ẹ ti tẹ tọ́tù, ọwọ́ tó ń fi agbára kún ẹ́ńjìnì, síwájú. Imú ọkọ̀ ti dìde débi pé ojú ọ̀run nìkan lẹ ń rí, ìdí rẹ̀ ti rì, ohùn ẹ́ńjìnì ń ròkè díẹ̀díẹ̀. Ó kù díẹ̀ kí ọkọ̀ gun orí omi, kó máa sáré lójú rẹ̀ dípò kó máa la inú rẹ̀ kọjá. Lójijì ni ohùn yẹn yí padà di ariwo ẹ̀rọ tí kò gbé ẹrù kankan. Aago RPM (iye ìgbà tí ẹ́ńjìnì ń yí ní ìṣẹ́jú kan) fò láti 3,200 sí 5,500, ìfófòó funfun bo ẹ̀yìn ọkọ̀, àmọ́ dípò kí ọkọ̀ máa lọ, ńṣe ló rọra jókòó padà sínú omi.

"Cavitation ni," ni gbogbo ẹni tó bá wà nínú ọkọ̀ á wí. Èmi náà sọ bẹ́ẹ̀ fún ọdún mélòó kan, mo sì ra própẹ́là (ohun eléwé tó ń yí nínú omi láti ti ọkọ̀ lọ) méjì tí n kò nílò nítorí ọ̀rọ̀ yẹn. Lọ́pọ̀ ìgbà, kì í ṣe cavitation rárá. Afẹ́fẹ́ ni própẹ́là mu. Ìyàtọ̀ tó wà láàárín méjèèjì ló ń pinnu ohun tó yẹ ká ṣe, nítorí náà ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ yanjú rẹ̀ ká tó fọwọ́ kan tọ́tù.

Ohun tó ń ṣẹlẹ̀ nídìí própẹ́là

Ewé própẹ́là kọ̀ọ̀kan ní ojú méjì. Ojú tó kọ sẹ́yìn ń ti omi. Ojú tó kọ síwájú ń fa omi mọ́ra, ibẹ̀ sì ni ìfúnpá ti máa ń lọ sílẹ̀. Iná nìkan kọ́ ló ń mú omi hó. Bí ìfúnpá bá lọ sílẹ̀ tó, omi tútù pàápàá á hó. Omi tó wà ní 20°C á hó bí ìfúnpá bá já wálẹ̀ láti nǹkan bíi 101 kilopascal, tí í ṣe ti ojú òkun, sí nǹkan bíi 2.3. Bí ẹ bá ní kí ewé própẹ́là kékeré ṣe ju agbára rẹ̀ lọ, omi tó wà lójú rẹ̀ á di hóró oru kéékèèké, bí èyí tó máa ń yọ nídìí ìkòkò kí omi tó hó dáadáa. Bí àwọn hóró yẹn bá sì ti kúrò níbi tí ìfúnpá ti lọ sílẹ̀, wọ́n á wó sínú ara wọn, agbára tí wọ́n fi ń wó yẹn sì máa ń jẹ irin. Própẹ́là tó ti pẹ́ nínú ìyà yìí, ẹ ó rí i lójú ewé rẹ̀: á rí págunpàgun bí igi tí kòkòrò ti jẹ.

Èyí ni cavitation gan-an: própẹ́là ń se omi. Èkejì, tí àwọn onímọ̀ ń pè ní ventilation, kò ní omi híhó nínú. Própẹ́là rí ọ̀nà fa afẹ́fẹ́ wọlé láti ojú omi, tàbí kó fa èéfín ẹ́ńjìnì padà sára ewé rẹ̀. Afẹ́fẹ́ kò ní ìwúwo tí ewé lè fẹsẹ̀ tì, ni ẹ́ńjìnì bá sá sókè lófo.

Omi híhó yìí kì í ṣe ọ̀rọ̀ tuntun. Ní 1894, Charles Parsons, onímọ̀ ẹ̀rọ kan ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, gbé ọkọ̀ kan jáde tó pè ní Turbinia. Ẹ̀rọ inú rẹ̀ lágbára gan-an, síbẹ̀ kò sáré tó bí ó ṣe rò, nítorí ọ̀pá kan ṣoṣo ló gbé gbogbo agbára yẹn, omi sì ń hó lára ewé. Ní 1895 ó kan àpótí omi kékeré kan kó lè fojú ara rẹ̀ wo bí nǹkan náà ṣe ń ṣẹlẹ̀. Ìgbà tó yá, ó pín iṣẹ́ náà sórí ọ̀pá mẹ́ta, própẹ́là mẹ́ta lórí ọ̀pá kọ̀ọ̀kan, mẹ́sàn-án lápapọ̀. Nígbà tí wọ́n ń ṣe àyẹ̀wò ọkọ̀ ogun ní Spithead, létí òkun ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ní 1897, Turbinia sá tó nọ́ọ̀tì 34 (nǹkan bíi kìlómítà 63 ní wákàtí) lójú gbogbo èèyàn. Ewé tó wà nínú omi ní ìwọ̀n agbára tó lè gbé. Bí ẹ bá fi kún un lórí ewé kan náà, omi á hó.

Ẹ mọ èyí tó ń yọ yín lẹ́nu

Etí lẹ ó kọ́kọ́ lò. Bí própẹ́là bá mu afẹ́fẹ́, RPM máa ń fò lójijì, bí ìgbà tí èèyàn tẹ kílọ́ọ̀ṣì mọ́tò pẹ̀lú ẹsẹ̀ lórí epo. Bí ẹ bá dín tọ́tù kù díẹ̀, própẹ́là á tún gbá omi mú, ohùn á sì padà wálẹ̀. Ó máa ń ṣẹlẹ̀ jù nígbà tí ẹ bá ń yí sítíárìn, nígbà tí ìgbì bá gbé ìdí ọkọ̀ sókè, tàbí nígbà tí ẹ bá gbé tírìmù (ìdàgẹ̀rẹ̀ ẹsẹ̀ ẹ́ńjìnì sí ìdí ọkọ̀) sókè jù.

Ti cavitation kì í já lójijì bẹ́ẹ̀. Ọkọ̀ á máa gbọ̀n, ẹ ó gbọ́ ohun kan bí ẹni da òkúta wẹ́wẹ́ sínú páànù lábẹ́ ọkọ̀, ẹ ó sì rí i pé fífi kún tọ́tù kò fi bẹ́ẹ̀ mú eré wá. Bí ẹ bá gbé ọkọ̀ sókè lẹ́yìn náà, ojú ewé tó kọ síwájú ni kí ẹ wò, pàápàá ibi tó wà lẹ́yìn ọgbẹ́ kékeré létí ewé. Ibẹ̀ ni omi ti máa ń hó, ibẹ̀ náà ló sì máa ń jẹ.

Ohun kẹta kan wà tó máa ń fi ara rẹ̀ pamọ́ sábẹ́ orúkọ méjèèjì: rọ́bà inú própẹ́là tó ti yọ̀. Ọ̀pá ń yí, própẹ́là kò bá a yí tán, ẹ́ńjìnì ń ké lófo. Bí ẹ ṣe máa mọ̀ ọ́n kò gba owó kankan. Ẹ fi ọ̀dà fa ìlà tẹ́ẹ́rẹ́ kan láti ojú irin àárín kọjá sára própẹ́là fúnra rẹ̀, ẹ jẹ́ kó gbẹ, ẹ lọ sáré, ẹ padà wá wò ó. Bí ìlà náà bá ti já sí méjì tí kò dọ́gba mọ́, rọ́bà ló jẹ̀bi. Ẹ má ṣe tún ohunkóhun mìíràn ṣe kí ẹ tó pààrọ̀ rẹ̀.

Kí ẹ tó kúrò ní èbúté

Ẹ fi ìka tọ́ etí ewé kọ̀ọ̀kan wò láti òkè dé ìsàlẹ̀. Ojú lè fo ọgbẹ́ kékeré, ìka kì í fò ó. Ewé tó bá ti tẹ̀ tàbí tó jánu, ẹ gbé e lọ sọ́dọ̀ ẹni tó mọ iṣẹ́ própẹ́là. Fáìlì ọwọ́ yín kò lè mú kí ewé mẹ́ta dọ́gba.

Lára própẹ́là tí èéfín ń gba àárín rẹ̀ jáde, ẹ wo ìdí rẹ̀. Òrùka kan wà níbẹ̀ tó fẹ̀ síta díẹ̀, bí ẹnu fèrè. Iṣẹ́ rẹ̀ ni láti ti èéfín jìnnà sẹ́yìn kó má baà padà sára ewé. Bí òrùka yẹn bá ti kán tàbí tó ti tẹ̀ wọlé, própẹ́là á máa mu èéfín ara rẹ̀ nígbàkígbà tí ẹ bá fẹ́ gbéra. Mo ti rí ọkọ̀ tí wọ́n yí gbogbo nǹkan padà lára rẹ̀ kí ẹnì kan tó ṣàkíyèsí pé òrùka yìí ti fọ́.

Lẹ́yìn ìyẹn, ẹ wo ìsàlẹ̀ ọkọ̀ láti ibi própẹ́là lọ síwájú, ní nǹkan bíi mítà kan ààbọ̀. Omi tó dé ọ̀dọ̀ própẹ́là gbọ́dọ̀ tẹ́jú. Ohunkóhun tó bá yọ síta níwájú rẹ̀, ìbáà jẹ́ ẹ̀rọ tó ń wọn ìjìnlẹ̀ omi tí wọ́n dè sí ibi tí kò yẹ, páìpù, ìgbín omi tó lẹ̀ mọ́ra, tàbí ibi tí ọkọ̀ ti fara gbá òkúta, á máa ru omi náà, á sì máa kó afẹ́fẹ́ ránṣẹ́ sí própẹ́là.

Ẹrù ńkọ́? Ìdí ọkọ̀ tó wúwo jù máa ń mú kí imú dìde pẹ́. Ẹ kó èrò àti ẹrù tó ṣeé gbé síwájú díẹ̀, ẹ sì fi páǹpù fa omi ìsàlẹ̀ ọkọ̀ dànù tán. Lítà omi kan jẹ́ kílógíráàmù kan, gbogbo rẹ̀ ló sì máa ń sá lọ sí ìdí nígbà tí imú bá gbé sókè.

Gíga ẹ́ńjìnì ni ọ̀rọ̀ pọ̀ lé lórí jù. Àwo pẹlẹbẹ kan wà lókè própẹ́là lára ẹsẹ̀ ẹ́ńjìnì; òun ló ń dí ọ̀nà tí afẹ́fẹ́ fi ń sọ̀ kalẹ̀ láti ojú omi. Ọ̀pọ̀ èèyàn ń pè é ní àwo cavitation, bẹ́ẹ̀ afẹ́fẹ́ ló ń dí. Fún ọkọ̀ lásán, ibi tí a ti ń bẹ̀rẹ̀ ni kí àwo yẹn dọ́gba pẹ̀lú ìsàlẹ̀ ọkọ̀. Àwọn tó fẹ́ eré máa ń gbé e sókè ju bẹ́ẹ̀ lọ, nítorí bí ẹsẹ̀ ẹ́ńjìnì tó wà nínú omi bá ṣe kéré tó ni omi ò ní fà á sẹ́yìn tó. Bí ẹ́ńjìnì bá sì jókòó sẹ́yìn lórí jack plate, irin tó ń gbé e jìnnà sí ìdí ọkọ̀, ó lè ga díẹ̀ sí i, torí omi tó jáde lábẹ́ ọkọ̀ máa ń ròkè bó ṣe ń jìnnà sí ìdí ọkọ̀. Àmọ́ gíga tó dára fún eré á fìyà jẹ yín nígbà gbígbéra. Bí jack plate yín bá jẹ́ èyí tó ń lọ sókè sódò, ẹ sọ̀ ọ́ kalẹ̀ pátápátá kí ẹ tó gbéra. Bí bóòtì (bolt) ló dè é mọ́ ibì kan, ihò kan ni kí ẹ máa yí lẹ́ẹ̀kan. Ẹ sì máa wo aago ìfúnpá omi tó ń mú ẹ́ńjìnì tutù, torí ẹ́ńjìnì tó ga jù lè má rí omi fà mọ́.

Gbígbéra

Ẹ kọ́kọ́ so okùn ìpaná, èyí tó ń pa ẹ́ńjìnì bí ẹ bá ṣubú, mọ́ ara yín. Kí gbogbo èrò jókòó, kí wọ́n di nǹkan mú, kí ẹnikẹ́ni má sì wà níwájú gan-an. Ẹ wo ọ̀ọ́kán yín jìnnà, torí láàárín ìṣẹ́jú àáyá díẹ̀ imú ọkọ̀ á dí yín lójú.

Ìkíní, ẹ tẹ tírìmù wọlé pátápátá, kí ẹsẹ̀ ẹ́ńjìnì sún mọ́ ìdí ọkọ̀. Própẹ́là á wà nísàlẹ̀, á sì máa gbé ìdí ọkọ̀ sókè bó ṣe ń tì í lọ. Bí ọkọ̀ bá ní trim tab, àwo irin kékeré nídìí ọkọ̀ tó ń lọ sókè sódò, ẹ sọ ọ́ kalẹ̀ pẹ̀lú. Táàbù á gbé ìdí sókè, imú kò sì ní ga jù.

Ìkejì, ẹ mú sítíárìn dúró gbọnrangandan. Própẹ́là tó bá ń yí sí ẹ̀gbẹ́ nígbà gbígbéra máa ń rí ihò fa afẹ́fẹ́ láti ẹ̀gbẹ́ kan.

Ìkẹta, ẹ fi jíà sí i, ẹ jẹ́ kí ọkọ̀ máa rìn jẹ́jẹ́ fún ìṣẹ́jú àáyá méjì tàbí mẹ́ta. Ibí yìí ni ọ̀pọ̀ èèyàn ti ń ṣìṣe, n ó sì ṣàlàyé ìdí. Nígbà tí ọkọ̀ bá dúró, gbogbo yíyí tí própẹ́là ń yí ni ó ń fi yọ̀, kò tíì fi gbé ọkọ̀ lọ síwájú. Yíyọ̀ rẹ̀ pé ìdá ọgọ́rùn-ún nínú ọgọ́rùn-ún. Ewé ń kọ lu omi ní igun tó burú jù lọ, ìfúnpá ojú rẹ̀ sì ń já wálẹ̀ jù lọ. Bí omi bá ti ń ṣàn kọjá lára ewé ni igun yẹn á máa dínkù. Bí ọkọ̀ bá ti wà lórí omi dáadáa, yíyọ̀ lè kù sí nǹkan bí ìdá 10 sí 15 nínú ọgọ́rùn-ún. Nítorí náà, ẹni tó ti tọ́tù dé òpin lẹ́ẹ̀kan náà lórí ọkọ̀ tó dúró ń béèrè ohun tó pọ̀ jù lọ́wọ́ própẹ́là ní àkókò tó rẹ̀ ẹ́ jù. Omi á hó, tàbí kí própẹ́là gbẹ́ ihò sínú omi lẹ́yìn ara rẹ̀, kí afẹ́fẹ́ sì ráyè wọlé.

Ìkẹrin, ẹ máa fún tọ́tù síwájú láìjá. Èmi máa ń lo nǹkan bí ìṣẹ́jú àáyá mẹ́ta sí mẹ́rin láti ibi rírìn jẹ́jẹ́ dé ìdá mẹ́ta nínú mẹ́rin tọ́tù, etí mi sì máa ń wà lára ẹ́ńjìnì ju ojú mi lọ. Ohùn tí ẹ ń wá ni èyí tó wúwo, tó ń ròkè bí ẹni ru ẹrù gun àtẹ̀gùn. Bó bá fúyẹ́ lójijì, ẹ ti yára jù.

Ìkarùn-ún ni gígun òkè omi. Gbogbo ọkọ̀ ló máa ń ru ìgbì tirẹ̀. Ọkọ̀ tí ibi tó kan omi lára rẹ̀ gùn tó ẹsẹ̀ bàtà 25, bó bá sá tó nǹkan bíi nọ́ọ̀tì 6.7, ìgbì tó ru fúnra rẹ̀ á gùn tó òun náà, ọkọ̀ á sì há sí àárín orí ìgbì iwájú àti tẹ̀yìn. Láti ibẹ̀ lọ, ó gbọ́dọ̀ gun ìgbì iwájú yẹn. Ibẹ̀ ni agbára ń lọ jù, ibẹ̀ sì ni própẹ́là ti máa ń fẹ́ mu afẹ́fẹ́. Ẹ má ṣe dín tọ́tù kù níbẹ̀ àfi bí RPM bá fò. Ẹ ó mọ̀ pé ẹ ti kọjá rẹ̀ nígbà tí imú bá bẹ̀rẹ̀ sí í wálẹ̀, tí eré sì pọ̀ láìjẹ́ pé ẹ fi kún tọ́tù. Bí ẹ bá bojú wẹ̀yìn, ẹ ó rí i pé omi ti já kúrò lára ìdí ọkọ̀, ara rẹ̀ ti ń gbẹ.

Bí RPM bá fò kí ẹ tó gùn ún, ẹ dín tọ́tù kù títí ohùn á fi wúwo padà, ẹ wò ó bóyá tírìmù ti wọlé pátápátá, kí ẹ tó tún tẹ síwájú díẹ̀díẹ̀. Ẹ má ṣe fi agbára lé e. Própẹ́là tó ti wà nínú afẹ́fẹ́ kò ní kúrò níbẹ̀ nítorí pé ẹ tẹ tọ́tù sí i. Ẹ́ńjìnì nìkan lẹ ó bà jẹ́.

Bí ọkọ̀ bá ti gun orí omi, ẹ dín tọ́tù kù díẹ̀, ẹ gbé táàbù sókè, ẹ wá máa gbé tírìmù jáde ní tẹ́ẹ́tẹ̀ẹ̀tẹ́. Ìdarí á fúyẹ́ lọ́wọ́, eré á pọ̀ sí i. Ìgbà tí imú bá bẹ̀rẹ̀ sí í fò sókè sódò, tàbí tí própẹ́là bá fẹ́ já, ẹ ti kọjá àyè yín. Ẹ dá a padà díẹ̀. Kí ẹ tó yí kọ́nà líle, ẹ mú tírìmù wọlé ṣáájú.

Àwọn ọkọ̀ ìdíje kan wà tí própẹ́là wọn jẹ́ èyí tí wọ́n ṣe láti máa yí pẹ̀lú ìdajì rẹ̀ lókè omi. Ti àwọn yẹn yàtọ̀. Nígbà gbígbéra, gbogbo própẹ́là ló rì, ẹrù rẹ̀ sì máa ń pọ̀ ju ohun tí ẹ́ńjìnì lè yí, torí náà wọ́n lè nílò afẹ́fẹ́ díẹ̀ kí RPM lè dìde. Ìwé tó bá ọkọ̀ wá ni kí ẹ tẹ̀ lé. Ihò kéékèèké tí ẹ ń rí nídìí ewé àwọn própẹ́là kan ń ṣe irú iṣẹ́ yìí gan-an: ó ń jẹ́ kí èéfín díẹ̀ kan ewé nígbà gbígbéra kí ẹ́ńjìnì lè tètè rí agbára rẹ̀, bí eré bá sì ti pọ̀, omi á ṣàn kọjá lórí ihò náà.

Bó bá ṣì ń ṣe bẹ́ẹ̀

Ìgbà yìí ló tó kan própẹ́là fúnra rẹ̀. Ẹ kọ́kọ́ ṣírò yíyọ̀ rẹ̀. Ẹ fi pitch (ibi tó yẹ kí própẹ́là lọ síwájú dé bó bá yí lẹ́ẹ̀kan) ní íǹṣì sọ RPM di púpọ̀, ẹ wá fi ìwọ̀n jíà (iye ìgbà tí ẹ́ńjìnì ń yí kí própẹ́là tó yí lẹ́ẹ̀kan) tí ẹ ti sọ di púpọ̀ pẹ̀lú 1,056 pín in. Èyí ni eré tí ọkọ̀ ì bá sá ní máìlì ní wákàtí bí própẹ́là kò bá yọ̀ rárá. Ẹ jẹ́ ká ní RPM jẹ́ 5,500, pitch 21, ìwọ̀n jíà 1.85: ẹ ó rí nǹkan bíi 59. Bí GPS bá ní 52, yíyọ̀ jẹ́ nǹkan bí ìdá 12 nínú ọgọ́rùn-ún, kò sì sí aburú níbẹ̀. Bó bá ju 20 lọ dáadáa nígbà tí ọkọ̀ ti wà lórí omi, própẹ́là kò gbá omi mú.

Bí ẹ́ńjìnì kò bá lè dé RPM tí ìwé rẹ̀ sọ, pitch ti pọ̀ jù. Íǹṣì kan tí ẹ bá dínkù á fi nǹkan bí 150 sí 200 kún RPM. Bí própẹ́là bá sì ń mu afẹ́fẹ́ lórí gíga tí ẹ kò fẹ́ fi sílẹ̀, ẹ wá èyí tí wọ́n ká etí ẹ̀yìn ewé rẹ̀ díẹ̀ bí etí ṣíbí. Etí kíká yẹn ń di omi mú. Ewé mẹ́rin máa ń di omi mú ju mẹ́ta lọ nígbà gbígbéra, bó tilẹ̀ lè gba díẹ̀ nínú eré tó ga jù. Irin tí kì í dípẹtà ṣe é ṣe tẹ́ẹ́rẹ́, kì í sì í tẹ̀ bí alumíníọ̀mù lábẹ́ ẹrù. Fún ọkọ̀ tó lágbára, èmi ò ní ra òmíràn.

Ohun kan ṣoṣo ni kí ẹ máa yí padà lẹ́ẹ̀kan, kí ẹ sì kọ ọ́ sílẹ̀: ìwọ̀n epo, iye èrò, ihò tí ẹ́ńjìnì wà, RPM tó fò sí, ìṣẹ́jú àáyá tó gbà kí imú tó wálẹ̀. Ìwé kékeré tí mo ń kọ ọ́ sí ló jẹ́ kí n rí i pé ọkọ̀ mi kì í mu afẹ́fẹ́ àfi bí táǹkì bá kún. Mo sọ ẹ́ńjìnì kalẹ̀ ní ihò kan, mo kó bátìrì méjì kúrò ní ìdí lọ sí àárín, mo sì dá própẹ́là àkọ́kọ́ padà sórí ọ̀pá.

Òun ló ṣì wà níbẹ̀.